Bí àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ ṣe pín káàkiri

Nọ́ńbà àkọ́kọ́, tí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ń pè ní práìmù, ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí ò sí nǹkan tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra ẹ̀. Ẹni tó ń pàtẹ máńgòrò létí títì ní Ògbómọ̀ṣọ́ á tètè rí i: tó bá kó 12 jọ, ó lè tò ó ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin kó sì gún, àmọ́ tó bá jẹ́ 13, bó ṣe wù kó pín in sí, ó máa ṣẹ́kù, àfi tó bá to gbogbo ẹ̀ sórí ìlà kan ṣoṣo.

Ibo la ti ń rí wọn? Bí Yorùbá ṣe ń ka nǹkan gan-an ti tú díẹ̀ síta níbẹ̀, ó sì yẹ kéèyàn fara balẹ̀ wò ó. Mọ́kànlá, mẹ́tàlá, mẹ́tàdínlógún, mọ́kàndínlógún, mẹ́tàlélógún, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n: gbogbo èyí tó bá ti kọjá 10, ọ̀kan tàbí mẹ́ta ló fi lé, àbí kó fi dín, torí èyí tó bá fi méjì tàbí mẹ́rin lé tàbí dín, 2 á pín in, èyí tó bá sì fi márùn-ún dín, 5 á pín in. Àmọ́ gbogbo èyí tó fi ọ̀kan lé kọ́ ni práìmù o, mọ́kànlélógún, 3 lọ́nà 7 ni.

Wọn ò lópin. Euclid ará Gíríìsì ti fi hàn ní nǹkan bí ọdún 300 kí wọ́n tó bí Jésù: kó gbogbo èyí tó o mọ̀ jọ, sọ wọ́n di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, fi 1 kún un, práìmù tó bá pín èyí tó jáde ò lè sí lára àwọn tó o kó jọ. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Eratosthenes tó gbé ní Alẹkisáńdíríà mú ọ̀nà asẹ́ wá. Kọ 1 dé 100 sínú ìwé, fagi lé 1, fi 2 sílẹ̀ kó o fagi lé gbogbo ìlọ́po ẹ̀ tó kù, ṣe bẹ́ẹ̀ fún 3, 5 àti 7, ó parí nìyẹn torí 11 lọ́nà 11 ti kọjá 100, àwọn 25 tó ṣẹ́kù sórí asẹ́ ni práìmù.

Tó o bá ń sẹ́ ẹ lọ, wàá rí i pé wọ́n ń dín kù, àmọ́ wọn ò dín kù létòlétò. Láti 101 dé 200, 21 ni, ọgọ́rùn-ún tó tẹ̀ lé e 16, òmíì tún 16, ó wá gbéra padà sí 17. Láti 114 dé 126 ò sí ẹyọ kan. Ẹni tó bá ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan á ní wọn ò létò rárá, ẹni tó bá wò wọ́n lápapọ̀ ló máa rí ètò wọn, ibẹ̀ gan-an ni adùn ọ̀rọ̀ yìí wà.

Gauss, ọmọ Jámánì, ò tíì ju ọmọ ọdún 15 tàbí 16 lọ nígbà tó kíyè sí i pé láyìíká nọ́ńbà x, nínú nǹkan bí lọ́ọ̀gì x, ẹyọ kan ló máa ń jẹ́ práìmù, lọ́ọ̀gì tó wà lábẹ́ bọ́tìnì ln lórí kakulétọ̀ là ń sọ. Láyìíká 1,000 ó jẹ́ ẹyọ kan nínú 7, láyìíká 1,000,000 ẹyọ kan nínú 14. Práìmù 78,498 ló wà kó tó dé 1,000,000. Tẹ́ ẹ bá fi lọ́ọ̀gì pín mílíọ̀nù yẹn, ẹ máa rí 72,382, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi lọ́ọ̀gì nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pín 1, tẹ́ ẹ wá ń ro àwọn ìdá yẹn pọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti 2, ẹ máa bọ́ sí nǹkan bí 78,627, kò fi bẹ́ẹ̀ jìn mọ́.

Legendre náà sọ ohun tó jọ ọ́ ní 1798. Ní 1852 Chebyshev ará Rọ́ṣíà fi hàn pé láàárín nọ́ńbà tó ju 1 lọ àti ìlọ́po méjì ẹ̀, práìmù ò lè ṣàì sí. Riemann ló wá so ọ̀rọ̀ náà mọ́ fọ́ńṣọ̀n zeta, ìyẹn ìṣirò kan tó ń ro ìdá àwọn nọ́ńbà pọ̀ láìlópin, ní 1859, ohun tó méfò níbẹ̀ ò tíì sẹ́ni tó yanjú ẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tó là ni Hadamard ará Faransé àti de la Vallée Poussin ará Bẹ́ljíọ̀mù gbà fìdí òfin Gauss múlẹ̀ ní 1896, kálukú lọ́tọ̀.

Àwọn ìbejì ṣì ń da àwọn onímọ̀ láàmú, ìyẹn àwọn práìmù tó fi 2 jura wọn bíi 11 àti 13, 17 àti 19, tàbí 29 àti 31 tí ọ̀kan dín lọ́gbọ̀n tí èkejì lé e. Ò tíì sẹ́ni tó fi hàn pé wọn ò lópin. Ní 2013 Yitang Zhang fi hàn pé méjì-méjì tí àlàfo wọn ò tó mílíọ̀nù 70 ò lópin, àwọn míì sì ti fa àlàfo yẹn wálẹ̀ sí 246.