Boko Haram: níbo ni wọ́n ti wá, kí ni wọ́n sì ń wá?

Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní Maiduguri ní 2009 kò tíì tán. Nílẹ̀ Yorùbá, òkèèrè ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gbọ́ ìró rẹ̀, àlàyé tí a sì máa ń ṣe fún ara wa kì í ju "ẹ̀sìn ni" tàbí "àwọn olóṣèlú ló wà nídìí ẹ̀" lọ. Méjèèjì kò tó. Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń béèrè jù ni mo kó jọ síbí.

Ta ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀?

Mohammed Yusuf ni, oníwàásù tí wọ́n bí ní 1970 ní Girgir, ìpínlẹ̀ Yobe. Ní nǹkan bí 2002 ló kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ní Maiduguri, wọ́n sì kọ́ mọ́ṣáláṣí tiwọn, Ibn Taymiyya. Orúkọ tí wọ́n fún ara wọn gùn, èdè Lárúbáwá sì ni. Àwọn ará àdúgbò ló sọ wọ́n ní Boko Haram, torí ohun tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu Yusuf ni pé ẹ̀kọ́ òyìnbó àti iṣẹ́ ìjọba jẹ́ èèwọ̀ fún Mùsùlùmí. Nígbà tí BBC fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní 2009, ó ní òun kò gbà pé ayé rí roboto, òun kò sì gbà pé oòrùn ló ń fa omi tó ń di òjò.

Àwọn ààfáà ńlá ilẹ̀ Hausa kò gbè é lẹ́yìn. Sheikh Ja'afar Mahmud Adam ti Kano, tó ti fìgbà kan jẹ́ olùkọ́ rẹ̀, ta kò ó ní gbangba. Ní oṣù kẹrin ọdún 2007, wọ́n yìnbọn pa Sheikh náà nínú mọ́ṣáláṣí níbi tó ti ń kírun àsùbáà.

Kí ló mú kí àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ohun tó ń fún wọn ju ìwàásù lọ. Ó ń bọ́ ẹni tí ebi ń pa, ó ń yá ọ̀dọ́ lówó òwò, ó sì ń bá ẹni tí kò lágbára ìdána ṣètò ìyàwó. Borno àti Yobe wà lára ibi tí òṣì ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà, Adágún Chad tí àwọn apẹja gbójú lé sì ti sún kì gan-an láti nǹkan bí ọdún 1960 wá.

Ìjákulẹ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Láti 1999 lọ, ìpínlẹ̀ 12 ní Àríwá gba òfin Ṣàríà wọlé, àwọn tálákà sì yọ̀, wọ́n rò pé ọwọ́ òfin yóò tẹ àwọn ọ̀jẹ̀lú. Ní Zamfara, ọwọ́ ẹni tó jí màlúù ni wọ́n gé ní 2000. Àwọn tó ń jí owó ìlú kó ṣì jókòó sórí àga. Yusuf ní kí wọ́n wò ó, ó ní ìjọba tí kì í ṣe ti Ọlọ́run kò lè mú òfin Ọlọ́run ṣẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ létí.

Wọ́n ní akoto ọ̀kadà ló dá ogun náà sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Akoto wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní oṣù kìíní 2009, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tó bá gun ọ̀kadà máa dé akoto. Ní oṣù kẹfà, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Yusuf ń lọ sìnkú ní Maiduguri, wọn kò dé e, àwọn ẹ̀ṣọ́ aláàbò sì dá wọn dúró. Ọ̀rọ̀ di ìjà, ìbọn dún, 17 nínú wọn fara gbọta. Yusuf búra pé òun yóò gbẹ̀san. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje, wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá ní Bauchi, ìjà sì ràn dé Maiduguri, Yobe àti Kano. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó lé ní 700 èèyàn tó kú.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Àwọn ológun mú Yusuf láàyè, wọ́n fi fídíò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà, 30 oṣù keje, tó ṣú tán, òkú rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ọta ìbọn ti dá ihò sí i lára. Àwọn ọlọ́pàá ní ó fẹ́ sá lọ ni. Wọ́n pa Buji Foi pẹ̀lú, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti ṣe kọmíṣánnà ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rí ní Borno. Baba ìyàwó Yusuf fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ọlọ́pàá, kò padà wálé. Ilé ẹjọ́ wá ní kí ìjọba san 100 mílíọ̀nù náírà fún ẹbí baba ìyàwó náà. Ẹjọ́ tí wọ́n pe àwọn ọlọ́pàá lórí ikú Yusuf parí ní 2015, wọn kò dá ẹnì kankan lẹ́bi.

Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ẹjọ́ Yusuf mọ́. A kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ níwájú adájọ́ ẹni tó ń fún un lówó, bẹ́ẹ̀ ni a kò mọ àwọn alágbára tó ń bá ṣe wọléwọ̀de. Ní tèmi, àṣìṣe tó burú jù tí Nàìjíríà ṣe nínú ogun yìí nìyẹn. Wọ́n sọ oníwàásù kan di ajẹ́rìíkú lójú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún igbákejì rẹ̀, Abubakar Shekau, tó rorò jù ú lọ.

Kí ni Shekau wá ṣe?

Ní oṣù kẹsàn-án 2010, wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Bauchi, èèyàn tó lé ní 700 jáde. Ní 2011, àdó olóró dé olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Abuja, ó sì dé ilé àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé níbẹ̀. Ní oṣù kejì 2014, wọ́n pa àwọn ọmọkùnrin ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Buni Yadi lóru. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún kan náà, àdó dún ní ibùdókọ̀ Nyanya láàárọ̀, nígbà tó sì di alẹ́, wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok. Ní oṣù kẹjọ, Shekau kéde ní Gwoza pé òun ti dá ìjọba ẹ̀sìn sílẹ̀.

ISWAP ńkọ́?

Ní 2015 Shekau fi ara rẹ̀ sábẹ́ ISIS, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí tó gba apá kan Iraq àti Syria nígbà náà. Ní 2016, ISIS yọ ọ́, wọ́n fi Abu Musab al-Barnawi, ọmọ Yusuf, jẹ olórí, ẹgbẹ́ náà sì pín sí méjì: àwọn tó tẹ̀ lé Shekau, àti àwọn tó dúró ti ISIS, tí à ń pè ní ISWAP. Shekau ka gbogbo ẹni tó ń gbé lábẹ́ ìjọba sí kèfèrí, Mùsùlùmí tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́; ó ń di àdó mọ́ àwọn ọmọdébìnrin lára. ISWAP dojú kọ àwọn ológun ní tiwọn, wọ́n sì ń gba owó orí lọ́wọ́ apẹja, àgbẹ̀ àti darandaran ní agbègbè Adágún Chad. Ní 2021, wọ́n ká Shekau mọ́ inú igbó Sambisa, ó sì pa ara rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ISWAP sàn díẹ̀. Ní 2018, wọ́n pa agbẹ̀bí méjì tó ń ṣiṣẹ́ fún Red Cross. Mùsùlùmí ni àwọn ọmọbìnrin náà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n bá Red Cross ṣiṣẹ́.

Ṣé kì í ṣe ogun Mùsùlùmí sí Kìrìsìtẹ́nì ni?

Wọ́n dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì lóòótọ́, ti Madalla ní ọjọ́ Kérésì 2011 kò ṣeé gbàgbé, Kìrìsìtẹ́nì sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Chibok. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Borno àti Yobe, àwọn náà ló sì kú jù. Ní oṣù kọkànlá 2014, wọ́n ju àdó sí mọ́ṣáláṣí ńlá Kano lásìkò ìrun Jímọ̀, èèyàn tó lé ní 100 kú. Ní 2020, ní Zabarmari, inú oko ìrẹsì ni wọ́n ti pa àwọn àgbẹ̀.

Kí ni gbogbo rẹ̀ ti ná wa?

UNDP, àjọ ìdàgbàsókè lábẹ́ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣírò pé nígbà tí 2020 fi parí, ogun yìí ti fa ikú nǹkan bí 350,000 èèyàn ní Àríwá-Ìlà-Oòrùn. Àwọn tí ìbọn pa kéré nínú wọn. Ebi, àìsàn àti àìsí ilé ìwòsàn ló pa ìyókù, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù. Ó ju mílíọ̀nù méjì èèyàn lọ tó sá fi ilé sílẹ̀. Ẹja gbígbẹ tó ń wá sí ọjà wa láti Baga náà fara gbá a.

Àwọn ológun náà jẹ̀bi. Ní oṣù kẹta 2014, lẹ́yìn tí Boko Haram kọlu bárékè Giwa ní Maiduguri, Amnesty International, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ní àwọn ológun pa àwọn tó lé ní 600, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àtìmọ́lé jáde, láìsí ìdájọ́.

Ṣé ó kan ilẹ̀ Yorùbá?

Ọ̀wọ̀ ti jẹ́ ká mọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, wọ́n pa ó kéré tán 40 èèyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis. ISWAP ni ìjọba kọ́kọ́ dárúkọ. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹgbẹ́ míì tó so mọ́ al-Qaeda ń pa àwọn sójà ní Alibori. Nítorí náà, ó yẹ kí a ṣọ́ra.

Ṣùgbọ́n kí a má wo gbogbo ọmọ Hausa tàbí Kanuri tó ń gun ọ̀kadà ní Èkó bí agbésùnmọ̀mí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti Borno wá ló jẹ́ pé Boko Haram gan-an ni wọ́n sá fún.

Ṣé ó yẹ kí ìjọba dárí ji àwọn tó jọ̀wọ́ ara wọn?

Láti 2016 ni ètò kan ti wà ní Gombe tí wọ́n fi ń tún wọn tọ́, lẹ́yìn ikú Shekau sì ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún jáde látinú igbó. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n fi ipá mú sábẹ́ ẹgbẹ́ náà, àwọn kan jẹ́ obìnrin àti ọmọdé, àwọn kan sì jẹ́ apànìyàn. Ilé ẹjọ́ ló yẹ kó yà wọ́n sọ́tọ̀, ní gbangba, níbi tí ẹni tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ti lè dìde kó sọ̀rọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn Boko Haram kàn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Kainji ní 2017, inú bárékè ni wọ́n ti gbọ́ ọ láìjẹ́ kí aráàlú wọlé.