Bí Róbọ́ọ̀tì Ṣe Ń Mọ Ibi Tó Wà

Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ nípa róbọ́ọ̀tì, ní ìpele oyè kejì ní yunifásítì, sábà máa ń rò pé irin àti wáyà ni òun máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ìṣirò ló ń pàdé: mátíríìsì (nọ́ńbà tí a tò sí ìlà-ìlà bí tábìlì) tí a fi ń mọ ibi tí ọwọ́ róbọ́ọ̀tì máa dé bí oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá yí, ní ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì, Denavit àti Hartenberg, gbé kalẹ̀ ní 1955, àti bí a ṣe ń wá ọ̀nà tó kúrú jù láti ibì kan dé ibòmíì. Ẹni tó mọ ìṣirò dáadáa kì í pẹ́ lórí wọn. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ìbéèrè kan tó jọ ti ọmọdé: báwo ni róbọ́ọ̀tì ṣe ń mọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà?

Ká mú oko iṣu kan lẹ́bàá Kabba, kí róbọ́ọ̀tì kékeré kan máa gba inú poro lọ láti wo ewé tí kòkòrò ti ń jẹ. GPS inú fóònù lè fi nǹkan bíi mítà 5 ṣì, kódà níbi tí igi kankan ò ti bo ojú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ebè sí ebè kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Ẹ̀rọ tó bá gbára lé GPS yẹn nìkan lè wà ní poro kẹta kó rò pé poro keje ni òun wà.

Ìdí nìyí tó fi ń ka iye ìgbà tí táyà rẹ̀ yí. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 láti àárín táyà dé etí rẹ̀, ìyípo mẹ́wàá á gbé e lọ ní mítà 6.28. Lórí símẹ́ńtì, ìyẹn dára. Nínú ẹrẹ̀ pupa oṣù kẹsàn-án ní ilẹ̀ Okun, táyà lè máa yí lójú kan, kí ẹ̀rọ sì kà á mọ́ ìrìn. Èyí tó tún burú jù ni yíyà: bí iwájú róbọ́ọ̀tì bá fi díígírì kan péré ṣì, lẹ́yìn mítà 10, á ti fi sẹ̀ǹtímítà 17 kúrò lójú ọ̀nà, àṣìṣe náà á sì máa pọ̀ sí i.

Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun èlò tó ń wo òde fún ẹ̀rọ, ló ń tún un ṣe. Ká ní òpó símẹ́ńtì kan wà ní ìparí poro, tí a sì ti sàmì sí i lórí máàpù. Táyà ní a ti rin mítà 6.28, iná lésà tó wọn bí òpó náà ṣe jìnnà tó ní mítà 5.88 ni a rìn. A kì í gba ọ̀kan ká da èkejì nù. Bí a bá mọ̀ pé àṣìṣe táyà sábà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 40, tí ti lésà sì jẹ́ 20, a ó wò ó pé 40 lọ́nà 40 jẹ́ 1600, 20 lọ́nà 20 sì jẹ́ 400. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ni a gbà gbọ́ jù, nítorí náà lésà gba ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, táyà gba ìdá kan, ìdáhùn sì bọ́ sí mítà 5.96. Ibi tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti dúró díẹ̀ nìyí: àṣìṣe tó kù kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18 lọ, ó kéré sí ti lésà nìkan. Táyà tí ẹrẹ̀ ń tàn jẹ pàápàá ṣì wúlò. Ọ̀nà tí onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Rudolf Kálmán, gbé jáde ní 1960 nìyí, òun ni wọ́n sì lò nínú ọkọ̀ Apollo tó lọ sí òṣùpá.

Bí róbọ́ọ̀tì kò bá mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ rárá, tí gbogbo ebè sì jọra, a máa ń fọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún àbá nípa ibi tó lè wà káàkiri máàpù. Èyí tí kò bá ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí mu á kú dànù, èyí tó bá a mu á máa bí sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ìsánlú lè dán gbogbo èyí wò lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, nítorí ọ̀fẹ́ ni ROS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń darí róbọ́ọ̀tì, àti Gazebo, èyí tó ń ṣe àfarawé róbọ́ọ̀tì àti ilẹ̀ tó ń rìn nínú kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀ inú kọ̀ǹpútà mọ́ jù, ó sì yẹ kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe kún ohun tí táyà àti lésà ń sọ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé Gazebo mọ ibi tí ẹ̀rọ wà gan-an, a sì lè ya ìlà òótọ́ àti ìlà àbá sórí ara wọn láti rí àlàfo àárín wọn. Nínú oko, tépù la ó fi wọ̀n ọ́n.