Ojú Ìsopọ̀ Ni Wàhálà Ń Gbé: Bí Script Èdè Mẹ́ta Ṣe Ń Bára Wọn Ṣiṣẹ́

Bí script, ìyẹn ìwé àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, tó wà ní èdè kan ṣoṣo bá bàjẹ́, ó máa ń pariwo, ó sì sábà máa ń tọ́ka sí ìlà tó ti bàjẹ́. Èyí tó máa ń fi odindi ọjọ́ ṣòfò ni ìgbà tí Bash, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, bá gbé iṣẹ́ fún Python, èdè tó ń ṣírò, tí Python sì gbé e fún JavaScript, èdè ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo wọn wá ń sọ pé ọwọ́ àwọn mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Kóòdù apá kọ̀ọ̀kan dára. Àárín wọn ni okùn ti já. Ọmọ Owé àti ọmọ Yàgbà, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi tí ẹ̀ka èdè wọn yàtọ̀ síra, á kí ara wọn ní "Okun", wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Bí ọ̀rọ̀ kan ò bá yé ẹnì kan, á bèèrè. Èdè kọ̀ǹpútà kì í bèèrè. Ohun tó bá rò pé òun gbọ́ ló máa ṣe.

Ká sọ pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kajú kan wà ní ilẹ̀ Ìjùmú. Akọ̀wé wọn ń kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ìwọ̀n àpò sínú Excel, ó sì ń fi í pamọ́ bíi fáìlì CSV, ìyẹn tábìlì tí kọ́mà pín. Ní aago méje alẹ́, script Bash tó ń jẹ́ `alale.sh` á dìde, á gbé fáìlì náà fún `siro.py`. Python á ṣírò owó ẹnì kọ̀ọ̀kan, á kó èsì rẹ̀ jáde ní JSON, ọ̀nà ìkọ̀wé tí èdè méjèèjì lè kà. Node, ètò tó ń mú JavaScript ṣiṣẹ́, á gba JSON yẹn, `oju.js` á sì fi ṣe ojú ìwé tí ọmọ ẹgbẹ́ lè ṣí lórí fóònù rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń kọjá láàárín wọn: báìtì, ìyẹn ẹyọ ìsọfúnni kọ̀ǹpútà, yálà nínú fáìlì, nínú páìpù (àmì `|` tó ń gbé èsì ètò kan fún òmíràn) tàbí nínú àṣẹ fúnra rẹ̀; nọ́ńbà kan tí ètò kọ̀ọ̀kan ń fi sílẹ̀ nígbà tó bá parí; àti àyíká tí wọ́n bí ètò náà sí, ìyẹn fóldà tó wà, PATH rẹ̀ (àwọn fóldà tí ẹ̀rọ ti ń wá àṣẹ) àti irú lẹ́tà tí ẹ̀rọ náà ń lò.

Torí náà, kéèyàn má tíì fọwọ́ kan kóòdù. Kó kọ́kọ́ gé ẹ̀wọ̀n náà ní ojú ìsopọ̀, kó da ohun tó ń kọjá sínú fáìlì tó ṣeé wò:

```
python3 siro.py oja.csv > aarin.json 2> asise.txt
echo $?
node oju.js < aarin.json
```

`>` ń kó èsì síbì kan, `2>` ń kó ìkìlọ̀ àti àṣìṣe síbòmíràn, `$?` sì ń sọ nọ́ńbà ìparí. 0 ni àlàáfíà. 127 ni pé wọn ò rí àṣẹ tí wọ́n pè. 126 ni pé wọ́n rí i àmọ́ kò gbà kí wọ́n lò ó, lọ́pọ̀ ìgbà torí pé kò sẹ́ni tó ṣe `chmod +x` fún un. 137 ni pé wọ́n fipá pa á, ó sì sábà jẹ́ pé memory ló tán tí ẹ̀rọ fi pa á. Nọ́ńbà 1 kò sọ ohun púpọ̀, `asise.txt` ni ká ṣí, ká sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, torí ibẹ̀ ni Python ń kọ ìdí ọ̀rọ̀ sí.

Bí `aarin.json` bá pé, tó sì mọ́, `siro.py` ti bọ́ nínú ẹjọ́. Bí kò bá mọ́, ohun tí Node bá sọ á tọ́ wa sọ́nà. `Unexpected end of JSON input` túmọ̀ sí pé fáìlì náà ṣófo tàbí pé ó dé ìdajì ló dúró. `Unexpected token` tó wá dárúkọ lẹ́tà kan, bíi M, túmọ̀ sí pé nǹkan mìíràn wọ inú JSON. Ẹni tó bá ṣí fáìlì náà á sábà rí i pé ọ̀rọ̀ bíi "Mo ti ka fáìlì" ló jókòó sí ìlà àkọ́kọ́: ẹnì kan fi `print` sínú Python láti mọ ibi tí iṣẹ́ dé, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ojú ọ̀nà kan náà ni `print` àti èsì ń gbà jáde. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ kó gba ọ̀nà kejì, `print("Mo ti ka fáìlì", file=sys.stderr)`, kò sì ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́.

Páìpù ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Nínú `python3 siro.py oja.csv | sort > iroyin.txt`, bí Python bá tilẹ̀ ṣubú lulẹ̀, `sort` á gba òfo, á to òfo, á sì ní òun ti ṣe tán; nọ́ńbà tí Bash ń gbà sì ni ti ẹni ìkẹyìn. 0 á jáde, `iroyin.txt` á ṣófo. `set -o pipefail` ní orí script ni oògùn rẹ̀. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí Python bá pe ètò mìíràn pẹ̀lú `subprocess.run`: bí wọn ò bá fi `check=True` sí i, Python ò ní bìkítà bóyá ètò náà yè tàbí ó kú. Orúkọ fáìlì tó ní àyè láàárín, irú bíi `oja Kaba.csv`, tún ń di fáìlì méjì lójú Bash bí kò bá sí àmì `"` lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Nọ́ńbà ló wá burú jù, torí kì í pariwo. Ká wo script tí wọ́n kọ ní oṣù Kejì, nígbà tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà, tó ní ìlà yìí láti mọ oṣù tó kọjá:

```
osu=$(date +%m)
tele=$((osu-1))
```

Oṣù Kejì kọjá, ìkẹta kọjá, títí dé ìkeje, kò sí wàhálà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, ó di `08: value too great for base`. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan script náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nọ́ńbà tó bá fi òdo bẹ̀rẹ̀, ìdìpọ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ ni Bash fi ń kà á, nínú irú òǹkà bẹ́ẹ̀ kò sì sí 8, kò sí 9. 07 ṣì jẹ́ 7, 08 kò jẹ́ nǹkan kan. Á bàjẹ́ ní oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án, á sì fúnra rẹ̀ wò sàn ní oṣù Kẹwàá, èyí tó máa ń mú kí àwọn èèyàn rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló ṣe é. Python kò ní ìṣòro yìí, `int("08")` jẹ́ 8 lójú rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ní Bash ni `$((10#$osu-1))`, tó ń sọ fún un pé mẹ́wàá-mẹ́wàá ni kó kà á. (Oṣù Kìíní á ṣì fún wa ní oṣù 0, ìyẹn jẹ́ àṣìṣe ẹni tó kọ ọ́, kì í ṣe ti Bash.)

Bash kò tún mọ ìdá. Àwọn tó ń ra kajú máa ń fi póún kóró tó dára tí àpò 80 kg máa mú wá díwọ̀n ọjà. Bí kílò kan tí wọ́n pa bá fúnni ní gíráàmù 270, ìṣirò rẹ̀ ni 270 × 80 ÷ 453.6, tó fi díẹ̀ ju 47.6 lọ. Bí wọ́n bá kọ 453.6 fún Bash, á kọ̀ ọ́, ìyẹn sì sàn. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di 454, `$((270*80/454))` á fúnni ní 47, ìdá tó kù ti ṣòfò. Bí wọ́n bá wá kọ́kọ́ pín in, `$((270/454*80))`, òdo ni, kò sì ní sí ìkìlọ̀ kankan. Kí Bash máa gbé ẹrù, kí Python máa ṣírò.

Kí ìṣirò owó sì wà ní èdè kan ṣoṣo. `round(2.5)` ní Python jẹ́ 2, `Math.round(2.5)` ní JavaScript jẹ́ 3, torí Python ń sún ìdajì sí nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì, JavaScript sì ń sún un sókè. Bí èdè méjèèjì bá ń ṣírò owó kan náà, àròpọ̀ inú fáìlì àti ti ojú ìwé lè fi kọ́bọ̀ mélòó kan yàtọ̀, àgbẹ̀ tó mọ iye tó yẹ kó gbà á sì bèèrè. Ẹ jẹ́ ká máa fi kọ́bọ̀ ṣírò láìsí ìdá, kí Node kàn máa ṣàfihàn. Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣírò rárá: bí pandas, irinṣẹ́ Python tó ń ka tábìlì, bá kà á bíi nọ́ńbà, òdo iwájú á já bọ́, 11 á di 10. `dtype=str` ni kí wọ́n fi kà á, kí wọ́n sì ti sọ òpó náà di Text nínú Excel kí akọ̀wé tó tẹ ẹyọ kan.

Lẹ́tà wa gan-an ni ibi tí àwọn ìwé olùkọ́ òkèèrè kì í dé. Ká mú orúkọ Bọ́lá. Ojú rí lẹ́tà mẹ́rin. Bí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé kan bá kọ lẹ́tà ọ ní ọ̀kan pẹ̀lú ààmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó sì so àmì ohùn mọ́ ọn lẹ́yìn, `len` Python á kà á sí 5. Bí òmíràn bá kọ lẹ́tà o, ààmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún lẹ́tà á náà, á di 7. Lójú ènìyàn, kò sí ìyàtọ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn méjì ni, owó ẹnì kan á sì pín sí abẹ́ orúkọ méjì. `unicodedata.normalize("NFC", oruko)` ní Python tàbí `oruko.normalize("NFC")` ní JavaScript á sọ wọ́n di ọ̀kan náà. Ẹnu ọ̀nà tí orúkọ gbà wọlé ni kí wọ́n ti ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Lórí Windows, Python lè máa fi ọ̀nà àtijọ́ tó ń jẹ́ cp1252 ka fáìlì tí wọ́n fi UTF-8, ọ̀nà ìkọ lẹ́tà òde òní, kọ. Nígbà náà, lẹ́tà ẹ á jáde bíi `áº¹`, ṣ á di `á¹£`, kò sì ní sí àṣìṣe kankan. Àmọ́ bó bá dé orí lẹ́tà ọ, á dákú: `'charmap' codec can't decode byte 0x8d`. Báìtì mẹ́ta ni ọ ní UTF-8, E1, BB àti 8D, cp1252 ò sì ní ohunkóhun fún 8D. Ìdí nìyí tí orúkọ Ṣẹ́gun fi lè dákú, nítorí àmì ohùn orí ẹ́ tó ní báìtì 81 nínú, èyí tí cp1252 náà ò mọ̀, tí Ṣadé á sì kàn di jákujàku. `open("oja.csv", encoding="utf-8")` ló parí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé Excel ló fi í pamọ́ bíi "CSV UTF-8", `utf-8-sig` ni kí wọ́n lò, torí Excel ń fi báìtì mẹ́ta tí a kì í rí síwájú fáìlì. Báìtì wọ̀nyẹn ló ń fa `KeyError: 'oruko'` nígbà tí `oruko` wà lójú gbangba ní orí òpó àkọ́kọ́.

Àyíká ló kù. Script tó ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá fọwọ́ pè é, tí cron, ètò tó ń pe script nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó, sì ń kọ̀ láti ṣe ní aago méje, PATH ló sábà ń jẹ ẹ́ níyà, torí PATH cron kúrú, kì í sábà ju `/usr/bin:/bin` lọ, Node tí wọ́n fi sínú fóldà ilé ò sì sí níbẹ̀. Kí wọ́n dán an wò báyìí:

```
env -i PATH=/usr/bin:/bin bash alale.sh
```

Bí 127 bá jáde, ibẹ̀ ni. Kí wọ́n kọ ọ̀nà Node ní kíkún, kí wọ́n sì kọ `cd` sí fóldà iṣẹ́ ní orí script. Bí ó bá sì jẹ́ `'python3\r': No such file or directory`, Notepad orí Windows ló fi àmì ìparí ìlà rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, `sed -i 's/\r$//' siro.py` á gbá a kúrò.

Ní Kàbà tàbí ní Ìyàrá, iná lè lọ nígbà tí Python kọ ìdajì `aarin.json`. Kí wọ́n kọ ọ́ sí `aarin.tmp` lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí `mv aarin.tmp aarin.json` sì jẹ́ ìgbésẹ̀ ìkẹyìn. Nínú dísìkì kan náà, `mv` ń pààrọ̀ orúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: bí iná bá lọ ṣáájú rẹ̀, ojú ìwé àná ló máa wà lórí fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ títí iná á fi dé.