Àwọsánmà Kéékèèké Tó Ń Yọ Ìṣirò Ojú Ọjọ́ Lẹ́nu

Lórí òkun ilẹ̀ olóoru, níbi tí afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ wá láti ìlà-oòrùn, àwọsánmà funfun kéékèèké ló máa ń kún ojú sánmà. Ìdí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà 700 lọ sí omi, orí wọn kì í sì í sábà kọjá kìlómítà 2 tàbí 3. Òjò wọn kò tó nǹkan. Síbẹ̀, wọ́n ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sókè, ibi tí wọ́n bò lórí omi sì pọ̀ jọjọ. Tí wọ́n bá dín kù bí ayé ṣe ń gbóná, ooru náà á tún lé sí i.

Kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò ojú ọjọ́ ayé máa ń pín òfuurufú sí àpótí-àpótí. Ẹyọ àpótí kan lè fẹ̀ tó kìlómítà 50 sí 100, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọsánmà yìí kò fẹ̀ tó kìlómítà kan. Wọ́n ń bọ́ lójú àwọ̀n bí ẹja wẹ́wẹ́. Ohun tí àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń ṣe ni pé a ń kọ òfin fún kọ̀ǹpútà: tí afẹ́fẹ́ inú àpótí bá gbóná tó báyìí, tó sì rin tó báyìí, kí àwọsánmà ibẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n báyìí. Òfin yẹn gan-an ló yẹ ká dán wò.

Ọ̀nà tó rọrùn ni ká fi ìmọ́lẹ̀ tí kọ̀ǹpútà sọ pé àwọsánmà ń dá padà wé èyí tí sátẹ́láìtì rí. Èmi kì í gbára lé e. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń dá àwọsánmà ìsàlẹ̀ tó kéré sí ti òdodo, tí ìwọ̀nba tó dá yẹn sì ń mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àṣìṣe méjèèjì á pa ara wọn rẹ́, àròpọ̀ á sì jọ òótọ́.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ síbi tí àwọsánmà wà. Ohun tí wọ́n wọ̀n nítòsí Barbados, erékùṣù kan ní Karibíánì, lọ́dún 1969, nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní BOMEX, la ṣì fi ń dán ìṣirò wò títí dòní. Ní oṣù Kíní àti oṣù Kejì ọdún 2020, àwọn onímọ̀ Jámánì, Faransé àti orílẹ̀-èdè mìíràn padà sí agbègbè náà fún iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n pè ní EUREC4A. Bàálù HALO ti Jámánì ń yí òbìrí tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 200, ó ń ju ẹ̀rọ kéékèèké sílẹ̀ láti òkè. Ẹ̀rọ wọ̀nyí ń wọn ooru, ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nílẹ̀, ibẹ̀ la sì ti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ agbègbè náà ń gòkè ni tàbí ó ń wálẹ̀. Nísàlẹ̀, bàálù Faransé ń fò níbi ìdí àwọsánmà, ó ń fi rédà àti iná lésà wo ẹ̀gbẹ́ láti mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó.

Ohun tí àwọn kọ̀ǹpútà kan ti ń sọ ni pé tí ọ̀rinrin ìsàlẹ̀ bá ń gòkè gidigidi, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ń wọlé rọ́pò rẹ̀, ìdí àwọsánmà á gbẹ, àwọsánmà á sì pòórá. Èsì EUREC4A tó jáde lọ́dún 2022 kò gbè wọ́n. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gòkè jù, àwọsánmà ń pọ̀ sí i ni, torí afẹ́fẹ́ tó ń gòkè náà ló ń gbé ọ̀rinrin wá. Àwọn kọ̀ǹpútà tó fi gbígbẹ yìí sọ pé ooru máa pọ̀ gan-an ló fìdí rẹmi jù.

Agbègbè kan lèyí o, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. Àwọsánmà pẹrẹsẹ tó máa ń bo òkun létí Peru àti Namibia ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà wà, ìdánwò yìí kò sì kàn án.