Ẹ̀san ogun lára amúnilẹ́rú ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ̀san ogun ni kí ẹni tí ogun kó, tàbí àwọn èèyàn rẹ̀, padà fìyà jẹ àwọn tó mú un nígbèkùn tí wọ́n sì dá a lóró. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, inú àwọn ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù. Ohun tó ń fa àríyànjiyàn ni pé ẹ̀san kì í sábà mọ sọ́dọ̀ ajínigbé nìkan; gbogbo ìlú rẹ̀ ló ń jìyà.

Ogun Òwu

Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, ti kọ ọ́, wọ́n ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé ní ọjà Àpòmù, ìlú kan lábẹ́ Ifẹ̀, wọ́n sì ń tà wọ́n fún Ìjẹ̀bú. Oníkòyí àti Baálẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ránṣẹ́ sí Olówu pé kó fòpin sí i, Òwu sì pa ìlú Ifẹ̀ mélòó kan run. Ẹ̀san àkọ́kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ìjà lórí ataare bẹ́ sílẹ̀ ní Àpòmù kan náà. Òwu kọlu ọjà, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú pàdánù ẹ̀mí àti dúkìá, Awùjalẹ̀ sì bá Ifẹ̀ pàwọ́ pọ̀. Ó yẹ ká kíyè sí i pé Ìjẹ̀bú tó ń gbẹ̀san yìí ni oníbàárà àwọn gbọ́mọgbọ́mọ tẹ́lẹ̀.

Ìbọn ni Ìjẹ̀bú gbé wá. Àgédèńgbé, irú idà kan, ni Òwu fi kò wọ́n lójú. Wọ́n sàga ti ìlú náà fún bí ọdún márùn-ún. Ebi pa ará Òwu débi pé wọ́n ń jẹ pópòǹdó, irú ẹ̀wà kan, àwọn tó dó tì wọ́n sì fi ṣe orin ẹ̀gàn. Títí di ayé Johnson, ẹni tó bá kọ orin náà létí ará Òwu ti wá ìjà. Nígbà tí ìlú fọ́, wọ́n gégùn-ún pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un tẹ̀dó. Ọmọ ọwọ́ tí kò mọ Àpòmù náà jẹ nínú ìyà yìí, ibẹ̀ sì ni ìdáláre ẹ̀san ti mẹ́hẹ jù.

Àwọn àgbà kò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ náà: wọ́n ní adánilóró fagbára kọ́ni, wọ́n sì tún ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì í rí ẹni bá ṣeré.

Osifekunde

Ọmọ Mákùn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni Osifekunde. Àwọn olè orí omi tó jẹ́ ẹ̀yà Ìjọ (Ijaw) jí i gbé ní nǹkan bí 1820, wọ́n sì tà á dé Bùràsílì. Ní Paris, ní nǹkan bí 1839, ó ròyìn Ìjẹ̀bú fún d'Avezac, onímọ̀ ará Faransé. Wọ́n fẹ́ rán an lọ sí Sàró (Sierra Leone). Pernambuco ní Bùràsílì, lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ àtijọ́, ló yàn, nítorí ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, kò sì fi hàn pé gbogbo ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń lépa ẹ̀san.

Rẹ́mọ àti ọdún 1892

Ẹ̀gbá sàga ti Ìkòròdú, ìlú Rẹ́mọ kan, kí Glover, alákòóso Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, tó lé wọn ní 1865. Ní 1872, àwọn ìlú Rẹ́mọ kan para pọ̀ di Ṣágámù kí wọ́n lè dáàbò bo ara wọn.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n ní 1892, sójà Haúsá wà nínú ogun náà. Àwọn ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ni Glover fi bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun yìí ní Èkó, gbígbà tí Èkó ń gba irú wọn sì wà lára ohun tó ń bí Ìjẹ̀bú nínú.

Òfin òde òní

Àdéhùn Geneva ti 1949 ka ẹ̀san lára ẹlẹ́wọ̀n ogun léèwọ̀, ìkà ì báà ti jẹ́ iṣẹ́ ẹni náà tẹ́lẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, ìlànà tí Yakubu Gowon fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní oṣù keje 1967 sọ pé kí wọ́n gba ohun ìjà lọ́wọ́ ọ̀tá tó bá juwọ́ sílẹ̀, kí wọ́n má sì pa á.