Yíyan ìrìn ìbẹ̀wò ní ilé olódi Karlštejn

Karlštejn jẹ́ ilé olódi kan ní orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì, lórí àpáta kan tó wà ní nǹkan bí kìlómítà 30 sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Prague. Charles Kẹrin, ọba Bòhẹ́míà tó tún jẹ olú-ọba Ilẹ̀ Róòmù Mímọ́, ló dá a sílẹ̀ ní 1348, lásìkò tí ọnà ìkọ́lé Gọ́tíìkì, èyí tí a fi ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó ṣe ṣónṣó lókè mọ̀, ń gbilẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Ọba máa ń gbé ibẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ibi ìpamọ́ ló fi ṣe ní pàtàkì: ibẹ̀ ni adé àti àwọn ohun ọ̀ṣọ́ ìjọba wà, pẹ̀lú egungun àwọn ẹni mímọ́ tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ.

Àlejò kì í dá wọ àwọn yàrá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ̀kan nínú àwọn ìrìn tí amọ̀nà ń ṣíwájú, ibi tí ìrìn kan dé kì í sì í ṣe ibi tí èkejì dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń mú tíkẹ́ẹ̀tì tó bá wà nílẹ̀, tí wọ́n á sì padà sílé láìfojú kan yàrá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ gbogbo ilé náà.

Bí ilé náà ṣe tò

Àwọn ilé inú odi náà ń gòkè tẹ̀lé ara wọn lórí àpáta. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ilé kànga wà. Kànga yìí jìn tó nǹkan bí mítà 80, kẹ̀kẹ́ onígi ńlá kan tí èèyàn ń wọ inú rẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n fi ń fa omi. Lókè rẹ̀ ni ààfin ọba wà, lẹ́yìn náà ilé-ìṣọ́ Màríà, kí a tó wá kan Ilé-ìṣọ́ Ńlá tí gíga rẹ̀ tó mítà 60. Ìtò yìí ní ìtumọ̀: ìsàlẹ̀ wà fún iṣẹ́ òòjọ́, àárín fún ọba, òkè téńté fún Ọlọ́run. Ó hàn nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì náà, nítorí ìrìn tó dé ilé àdúrà inú Ilé-ìṣọ́ Ńlá ló wọ́n jù.

Ìrìn àkọ́kọ́

Èyí ni ìrìn tó wọ́pọ̀ jù, kò sì ju bíi wákàtí kan lọ. Inú ààfin ọba ló ń gbà lọ sí apá ìsàlẹ̀ ilé-ìṣọ́ Màríà. Àlejò yóò rí yàrá ìbùsùn Charles àti gbọ̀ngàn tó ti ń gbàlejò. Nínú gbọ̀ngàn yìí, àwọn amọ̀nà máa ń tọ́ka sí ibi tí ìjókòó ọba wà, láàárín àwọn fèrèsé: ìmọ́lẹ̀ á máa ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá bá àlejò lójú, ọba á máa wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ kedere, onítọ̀hún kò sì ní rí ti ọba dáadáa. Ẹ̀dà adé Bòhẹ́míà náà wà lójú ọ̀nà yìí. Adé gan-an wà ní Prague, nínú Kàtídírà Vitus Mímọ́, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ní àgádágodo méje.

Fún ìdílé tó kó ọmọdé dání, ìrìn yìí tó.

Ìrìn kejì: ilé àdúrà Àgbélébùú Mímọ́

Ibí ni ọkàn Karlštejn wà. Ìrìn kejì gba ilé-ìṣọ́ Màríà kọjá, ó sì dé ilé àdúrà Catherine Mímọ́, yàrá tóóró kan tí ọba máa ń wọ̀ láti dá gbàdúrà. Lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n kun Charles àti Anna aya rẹ̀ sára ògiri, tí àwọn méjèèjì jọ gbé àgbélébùú kan sókè láàárín ara wọn. Láti ibẹ̀ ni a ti ń lọ sínú Ilé-ìṣọ́ Ńlá.

Ilé àdúrà Àgbélébùú Mímọ́, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1365, ni wọ́n kó ìṣúra olú-ọba sí, ìyẹn adé àti ohun ọ̀ṣọ́ Ilẹ̀ Róòmù Mímọ́, tó yàtọ̀ sí adé Bòhẹ́míà. Wúrà ni wọ́n fi bo àjà rẹ̀, wọ́n sì to ìràwọ̀ sí i bí ojú ọ̀run alẹ́. Ìsàlẹ̀ ògiri kún fún jásípérì, ámétísítì àti àwọn òkúta iyebíye mìíràn tí wọ́n gé pẹlẹbẹ tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ inú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi wúrà kùn. Ẹni tó bá ti ka Ìfihàn orí 21 yóò mọ ibi tí èrò náà ti wá: Jerúsálẹ́mù tuntun ni ọba fẹ́ kí àlejò rí. Lókè àwọn òkúta yìí ni àwòrán 129 wà lórí pátákó, iṣẹ́ ayàwòrán Theodoric: àwọn ẹni mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù, ọba àti jagunjagun. Ojú wọn tóbi, ara wọn kún, àwọn kan tiẹ̀ yọ ejìká kọjá etí férémù, bí ẹni ń yọjú lójú fèrèsé. Egungun ẹni mímọ́ ni wọ́n fi sínú ihò kéékèèké tó wà lára àwọn férémù náà. Inú ọba dùn sí iṣẹ́ yìí débi pé ní 1367 ó yọ oko Theodoric ní abúlé Mořina kúrò nínú owó orí.

Èémí èèyàn àti ọ̀rinrin ara máa ń ba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í gba ju èèyàn 16 lọ lẹ́ẹ̀kan, tí ìrìn náà kì í sì í wáyé nígbà òtútù. Ó ń gba wákàtí kan ààbọ̀ àti díẹ̀ sí i. Ó yẹ kí a ti gba àyè sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, ní pàtàkì fún oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, kí a sì wo èdè tí amọ̀nà yóò fi sọ̀rọ̀ lákòókò tí a yàn.

Ìrìn kẹta, tó gba àwọn àjà òkè Ilé-ìṣọ́ Ńlá, wà fún ẹni tó fẹ́ wo àfonífojì odò Berounka láti òkè.

Ohun tó jẹ́ ti àtijọ́ àti ohun tó jẹ́ títún kọ́

Àwọn Hussite, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn Jan Hus, oníwàásù ará Bòhẹ́míà tó fẹ́ ṣàtúnṣe ìjọ, dó ti Karlštejn fún oṣù púpọ̀ ní 1422, wọn kò rí i gbà. Ṣùgbọ́n ìṣúra olú-ọba ti kúrò níbẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú. Ìlú Nuremberg ní Jámánì ló gbà á ní 1424, Vienna ní Austria ló sì wà lónìí. Láàárín 1887 sí 1899, ayàwòrán-ilé Josef Mocker tún ilé náà kọ́ kí ó lè rí bí ó ṣe gbà pé ilé Gọ́tíìkì yẹ kí ó rí. Púpọ̀ nínú àwọn òrùlé ṣónṣó àti etí odi tí àwọn èèyàn ń yà ní fọ́tò láti abúlé, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọ̀rúndún kẹrìnlá fúnra rẹ̀, inú ilé àdúrà ni yóò ti rí i.

Dídé ibẹ̀

Ọkọ̀ ojú irin láti Prague kì í lò tó wákàtí kan. Láti ibùdókọ̀, ẹsẹ̀ ni a ó fi rin nǹkan bíi kìlómítà méjì gba inú abúlé gòkè. Ọkọ̀ àlejò kì í dé ẹnu odi. Ẹni tó bá ti gba àyè sílẹ̀ fún wákàtí kan pàtó níláti fi ìṣẹ́jú 40 sílẹ̀ fún òkè yìí, nítorí amọ̀nà máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwùjọ rẹ̀ bí ó ṣe ń lọ, kò sì rọrùn láti bá wọn lójú ọ̀nà.