Wọ́n Ní Àwọn Á Tún Un Tò: Ọ̀rọ̀ Mọ́ṣáláṣí Karaköy

Tí ìjọba bá fẹ́ la títì gba orí ilé àtijọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń pẹ̀tù sọ́kàn àwọn ará àdúgbò: "A ò ní wó o, a máa tú u ni, a ó sì tún un tò síbòmíì." Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú ilé àtijọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ìlérí yẹn ń béèrè.

Raimondo D'Aronco, ọmọ Ítálì, ló yàwòrán Mọ́ṣáláṣí Karaköy ní Ístáńbùlù, ní ilẹ̀ Tọ́kì, nígbà ayé Súlútáànì Abdülhamid Kejì. Súlútáànì yìí kan náà ló fi oyè Bey ránṣẹ́ sí Mohammed Shitta ní Èkó ní 1894. Ní 1903 ni wọ́n kọ́ ti Karaköy, nítòsí afárá Galata. Ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, òkè ni wọ́n ti ń kírun. Mábù bo ara rẹ̀, pẹ̀lú ọnà tuntun tó gbòde ní Yúróòpù nígbà náà. Ilé kékeré tó rẹwà gan-an ni.

Ní 1958, olórí ìjọba, Adnan Menderes, ń fẹ títì ìlú náà lójú. Wọ́n tú mọ́ṣáláṣí yìí, wọ́n ní erékùṣù Kınalıada ni àwọn máa tò ó sí. Wọn ò tò ó síbẹ̀. Ní 1960, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Menderes.

Títú ṣòro ju bí ojú ṣe rí i lọ. Mábù tó bo ògiri máa ń fẹ́lẹ́, irin kéékèèké ló sì sábà máa ń dì í mú. Tí irin bá ti dípẹtà, mábù lè là bí òòlù bá kàn án. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára òkúta, kí wọ́n lè mọ ibi tí kálukú máa padà sí, gbọ́dọ̀ wà lórí àwòrán ògiri pẹ̀lú, torí òjò lè fọ ọ̀dà dànù. Èyí tó ń dùn mí jù ni ti owó: owó títì ni wọ́n sábà fi ń tú ilé. Tí títì bá ti ṣí, ta ló tún kù tí yóò náwó àtitò?

Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n fi ìpìlẹ̀ tuntun hàn yín kí wọ́n tó yọ òkúta àkọ́kọ́, kí ẹ sì béèrè ibi tí owó àtitò wà. Àwọn àwòrán D'Aronco ṣì wà ní mùsíọ́ọ̀mù ní Udine, ní Ítálì. Ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí àdúgbò ni kò ní àwòrán rárá. Ẹ dúró gangan síwájú ògiri kọ̀ọ̀kan, kí ẹ na tépù sí i lára, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í gbé àdúgbò yẹn.